Káàdì Àbúrò Mi: Ọjọ́ Méje láàárín Kàdúná àti Gwagwalada

Ọjọ́ Àìkú, Sabon Tasha

Màámi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, mo ti ń lọ nìyẹn. Ojú rẹ̀ náà ni mo ṣe di ẹrù mi: súẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, fúláàsì omi gbígbóná, hydroxyurea, folic acid, Paludrine tó ń dènà ibà, àti oògùn ìrora nínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwa tí a jẹ́ SS, tí a ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ sickle cell, oògùn la kọ́kọ́ ń dì, aṣọ ló ń tẹ̀lé e. Oṣù Kejìlá la sì wà. Ọyẹ́ ti balẹ̀ sí Kàdúná, òtútù ìdájí sì ti máa ń wọ eegun mi kí n tó la ojú.

Gwagwalada ni mò ń lọ, ní agbègbè Àbújá, nítorí ìwádìí kan. Wọ́n ń kọ orúkọ àwa tí a ní sickle cell sílẹ̀, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wa, wọ́n á sì máa bi wá bí ara ṣe ń ṣe wá láti ọdún dé ọdún. Dókítà mi ló sọ fún mi. Ó ní kì í ṣe dandan, kí n lọ fi ojú ara mi rí i.

Lálẹ́, Màámi la ẹnu. “Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ọ lára, òun náà lo tún fẹ́ lọ máa bù fún èèyàn.”

N kò lè bá a jà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, tí àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ 7, àwọn kan wá sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú wa. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n fún wa ní káàdì aláwọ̀ búlúù kọ̀ọ̀kan tó ní nọ́ńbà lára, wọ́n ní àwọn máa wá sọ ohun tí àwọn bá rí. Nígbà tí a padà lọ ní oṣù kẹrin, ìlẹ̀kùn yàrá náà wà ní títì. A lọ títí, ó sú Màámi. Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì, ibà kọlu àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ó sì lọ. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ló pa á, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́kàn ìyá tó sin ọmọ, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti so mọ́ra wọn.

Káàdì tèmi ti sọnù. Ti àbúrò mi wà nínú Bíbélì Màámi, ní ibi Sáàmù. Kí n tó sùn, ó mú un jáde, ó gbé e lé orí báàgì mi.

“Tí o bá ṣáà máa lọ, bá mi bi wọ́n.”

Ọjọ́ Ajé, nínú ọkọ̀ ojú irin

Láti Sabon Tasha dé Rigasa, ibùdókọ̀ ọkọ̀ ojú irin, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ sì ń gbọ̀n ìbàdí mi ní gbogbo kòtò. Apá òsì ni wàhálà wà. Ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan mi dáadáa mọ́, eegun náà ti ń kú díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọ̀pá rìn ní ọmọ ọdún 35.

Àwọn sójà wà ní ibùdókọ̀, wọ́n wà nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ yìí, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó èèyàn lọ, Màámi kì í jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ láìgbàdúrà lé mi lórí. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ni ọ̀tá mi. Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni kan kó jẹ́ kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, ó dìde láìwí nǹkan kan. Mo wọ súẹ́tà méjèèjì, mo bu omi gbígbóná mu.

Obìnrin Hausa kan jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ó rí i bí mo ṣe ń tẹ ìbàdí mi. “Sannu,” ó ní. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rọra béèrè: “Sikila?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀: òun náà. Kánò ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó ní wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo orí ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ ń sáré jù nínú iṣan ọpọlọ rẹ̀, torí náà ó ń lo kóró oògùn kan lójoojúmọ́ kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà mú un. Ó fi páálí oògùn náà hàn mí. Hydroxyurea ni, irú tèmi gan-an.

Mo wo ọmọ náà, bó ṣe ń fi ìka yàwòrán sójú gíláàsì, mo sì ronú púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń fà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára lóṣooṣù. Ìwádìí tó jáde ní 1998 ló fi hàn pé ó ń dènà rọpárọsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ta ni yóò máa rí ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù? Ìyá wo ló máa rí owó rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà Kánò àti Kàdúná, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, fi dá ìwádìí tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 220. Wọ́n fún apá kan ní ìwọ̀n hydroxyurea kékeré, wọ́n fún apá kejì ní ìwọ̀n tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí èsì jáde ní 2022, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín àwọn méjèèjì lórí rọpárọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni fún ìyá tó ń ra oògùn lápò ara rẹ̀. Ìyá ọmọ 220 ló gbà kí wọ́n fi ọmọ òun ṣe é, ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń jẹ nínú rẹ̀ láìmọ orúkọ wọn.

Ìdí tí mo fi wọ ọkọ̀ yìí nìyẹn. Ó yẹ kí n ti rí i sọ fún Màámi lánàá.

*Lálẹ́, Lugbe.* Bọ̀ọ̀dá mi wá pàdé mi ní Idu, níbi tí ọkọ̀ parí sí. Bí a ṣe ń jáde ní agbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀, ó nawọ́: “Ọ̀hún ni NIPRD wà. Ṣé o rántí Nicosan?”

Kí ló máa jẹ́ kí n gbàgbé? Àgbo ilé Yorùbá ló bí oògùn sickle cell yẹn. Ẹni Ọlọ́run P. O. Ogunyale láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbé egbòogi ìdílé rẹ̀ wá fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí oògùn ní Idu, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí rẹ̀: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Ohun tí ẹni tó bá dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìsẹ́yìn mọ̀ dunjú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, ó di kápúsù, ó jáde lọ́jà ní 2006. Mo lò ó fún bí ọdún kan. Ara mi balẹ̀ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gbàṣẹ láti máa ṣe é wọ gbèsè ní 2008, oògùn sì di àwátì. Màámi wá a ká gbogbo kẹ́mísìtì Kàdúná. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún àwa tí a ń lò ó pé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ìlẹ̀kùn kejì nìyẹn tí wọ́n tì mọ́ wa lójú.

Ìyàwó wa ti se ọbẹ̀ ilá. Mo ti sùn ká tó jẹun tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gwagwalada

Aago mẹ́jọ la ti wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí lálejò jẹ́ ará Igala, ohùn rẹ̀ tutù. Ìwé tó gbé fún mi gùn tó ojú ewé mẹ́fà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá, torí pé mo máa sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tí mo bá délé. Kò bínú. Ó lọ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti yàrá àyẹ̀wò, ọmọ Ìlọrin.

Ọmọ náà gbìyànjú gan-an. Nígbà tó dé ibi tí ìwé ti ní mo lè jáwọ́ nínú ìwádìí nígbàkígbà, ó ní: “Tí ẹ bá fẹ́ sá lọ, ẹ lè sá lọ.” Mo ní, rárá o, kì í ṣe sísá. Ẹni tó jalè ló ń sá. “Mo lè yọwọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní wọ́n á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ mi pamọ́, ó sọ pé wọ́n á “sin ín sínú fìríìsà.” A dá ìyẹn náà dúró. Ìyá mi kò gbọ́dọ̀ gbọ́ “sin.” Ó ti tó wákàtí kan ká tó ka ojú ewé mẹ́fà tán, inú mi sì dùn pé ó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi. Ẹ̀jẹ̀ mélòó? Ìgò tín-ín-rín méjì, gbogbo rẹ̀ bíi ṣíbí ìmutíì méjì. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi máa kúrò ní Nàìjíríà? Ó ṣeé ṣe fún àyẹ̀wò kan, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ṣé wọ́n máa fún mi ní oògùn tuntun? Rárá, kò sí oògùn nínú èyí.

Mo sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní voxelotor, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019. Ọ̀pọ̀ àwa jagunjagun, bí a ṣe ń pe ara wa, la ń dúró dè é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, torí pé nínú ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́, ó jọ pé ikú àti ìrora pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó. Mo ní: tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò pè mí? Ṣé ojú fóònù ni mo ti máa rí i bíi gbogbo èèyàn?

Nọ́ọ̀sì dákẹ́ díẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà tirẹ̀ àti ti dókítà tó ń darí ìwádìí sí ẹ̀yìn ìwé mi, ó ní àwọn ni kí n máa bi, àwọn sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé kò sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀.

Mo wá mú káàdì búlúù jáde. 047. Mo ṣàlàyé. Ó gbé e sọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó pe ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, wọ́n jọ wò ó. Kì í ṣe àwọn, kò sí bí àwọn ṣe lè rí i. Ọ̀gá náà da nọ́ńbà náà kọ síbẹ̀ náà, ó ní òun á béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó wá ní, “Ẹ bá wa bẹ Màmá.”

Mo fọwọ́ síwèé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Iṣan mi fara pamọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ìgbà kẹta ni wọ́n tó rí i.

Ọjọ́rú, Gwagwalada

Wọ́n pe àwa aláìsàn 14 jókòó yípo nínú yàrá kan. Dókítà obìnrin kan bi wá pé: “Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe ìwádìí, kí lẹ máa wádìí?” Kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé kò sẹ́ni tó bi wá bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń bi wá ni ibi tó ń dùn wá àti iye PCV wa, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wa.

Ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ iṣẹ́: ọ̀gá tó rò pé ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, torí pé lánàá ó wà ní bẹ́ẹ̀dì, lónìí ó ń rìn. Àwọn àgbà ilé wa ní orúkọ fún un láyé àtijọ́, fòníkúfọ̀ladìde, ẹni tó kú lónìí tó jí lọ́la. Àwọn ọmọ tó bá sì lọ, wọ́n ní abíkú ni. Màámi-àgbà fẹ́ kọ àmì sí àbúrò mi lára kí wọ́n tó sin ín, Màámi ló kọ̀.

Bàbá kan ká ṣòkòtò sókè. Egbò ẹsẹ̀, lókè ọrùn ẹsẹ̀, ọdún mẹ́fà. Ó ní kì í ṣe ìrora ló ń pa òun, òórùn ni: nínú bọ́ọ̀sì, òun máa ń rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣí fèrèsé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóru, nǹkan ọmọkùnrin òun á le fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìrora ni, kò ní rọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Ó ti ń ṣe é láti ọmọ ọdún 15. Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Pásítọ̀ kan ní ìyàwó ọ̀run ni, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Nínú gbogbo ọdún tó fi ń lọ sí kíléníkì, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé sickle cell ló ń fà á.

Dókítà náà fi bírò sílẹ̀. Ó dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́, kò fi ṣe ẹ̀rín, kò fi ṣe àánú: ẹ̀jẹ̀ tó wọlé síbẹ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ ti dí ọ̀nà. Àìsàn ni, kì í ṣe èpè. Tó bá ti tó wákàtí mẹ́rin, ilé-ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, òru ì báà jẹ́, torí ó lè ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn èyí ló béèrè bóyá ẹlòmíràn wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ kan gòkè. Ọwọ́ kejì gòkè. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá elégbò.

Omi bọ́ lójú mi. Ọdún 30 àti jù bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lórí bẹ́ǹṣì, n kò gbọ́ ọ rí. Tí wọn kò bá bi wá ní ìbéèrè yẹn, kò ní sí nínú ìwé kankan, ẹlòmíràn á sì tún gbààwẹ̀ ọjọ́ 21.

Nígbà tó kàn mí, mo sọ ti ọmọ. Mo fẹ́ bímọ, ẹni tí a jọ ń bọ̀ jẹ́ AA, kò ní sickle cell. Wọ́n ní kí n dá hydroxyurea dúró fún oṣù mélòó kan kí n tó lóyún, ká má baà fi ọmọ sínú ewu. Báwo ni mo ṣe máa gbé oṣù wọ̀nyẹn? Ẹ wádìí ìyẹn fún mi. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ó dára ni, kò dára ni, ẹ padà wá sọ fún wa. Ẹni tó yá igbá lọ́wọ́ wa, kó dá igbá padà, òfìfo ì báà jẹ́.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, Lugbe

Kíráísìsì. Ẹ̀yìn àti ìbàdí. Òtútù àná ni, àti omi tí n kò mu tó. Ìyàwó wa ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ mí lára, ó ń sọ pé, “Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́.” N kò lè kọ jù báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, Lugbe

Ó ti rọlẹ̀. Ní ọ̀sán, nọ́ọ̀sì pè mí. Èsì ti jáde. Mo ní kí ló dé tí kò dúró títí di ìgbà tí mo bá padà wá, ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká sọ.” Bọ̀ọ̀dá mi lọ gbà á pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí mo kọ fún un.

PCV 21. Obìnrin tí ara rẹ̀ le a máa ní 36 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwọn ń lo bí ọjọ́ 120 lára kó tó kú, tiwa máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó ń fọ́, kì í sábà ju ọjọ́ 20 lọ. Ẹ̀jẹ̀ irú èyí tí ọmọ ń ní nínú oyún, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀, tí hydroxyurea ń mú pọ̀ sí i, jẹ́ 11 nínú 100 lára mi. Wọ́n fi bírò kọ àlàyé sísàlẹ̀: *oògùn yín ń ṣiṣẹ́.* Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, láìní àmì ohùn. Ó dájú pé ọmọ Ìlọrin yẹn ló kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sabon Tasha

Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo wọ̀. N kò rí ìyá ọlọ́mọ yẹn. Mo sùn títí dé Rigasa.

Màámi ti po ògì, ó gbé àkàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan títí mo fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó jókòó.

“Kí ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ?”

Mo ka ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n tún ibi oògùn yẹn kà. Mo tún un kà. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ bírò náà bí ẹni pé ó ń kà á.

“Ti àbúrò rẹ ńkọ́?”

“Wọn kò rí i, Màámi. Kì í ṣe àwọn ni. Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn máa béèrè. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín.”

“Wọ́n ní kí o bẹ̀ mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó na ọwọ́, mo dá káàdì náà padà fún un. Ó ṣí Bíbélì, ó tẹ́ káàdì síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó ká ìwé èsì mi ní mẹ́rin, ó fi tì í.

“Ìgbà wo lo tún ń lọ?”

“Oṣù Kẹta, mà.”

Ó ní kí n jẹ́ kí òun mọ ọjọ́ náà lákòókò, kí òun lè bá mi ra ìbọ̀sẹ̀ mìíràn. Èyí tí mo gbé lọ ti já ní àtẹ́lẹsẹ̀.